Ta Ni Yóò Fọ Ìkòkò? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Hípì àti Àwọn Ọ̀dọ́ Ìwòyí

Láti ibi ìsìnkú kan ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ òní. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1967, ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé pósí kọ́ èjìká, wọ́n ń gbé e kiri àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Haight-Ashbury. Kò sí òkú nínú pósí náà. Ìlẹ̀kẹ̀ àti irú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ tí ayé fi ń dá àwọn hípì, àwọn ọ̀dọ́ tó pa ayé àwọn òbí wọn tì, mọ̀ ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn tó ń ṣòkú yìí kì í ṣe ọ̀tá hípì o. Ará ilé ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn oníròyìn ni pé ẹ̀yin lẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ, ẹ̀yin náà lẹ sì bà á jẹ́. Ó ti kú, ẹ má wá a wá síbí mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń béèrè bóyá òkú yìí lè jí. Gbogbo ìgbà tí ìran ọ̀dọ́ tuntun bá dá irun sí, tí wọ́n wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, àwọn àgbà á ní àwọn hípì ti tún dé. Èrò tèmi ni pé aṣọ àti orin wọn ti jí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì yí nǹkan kan padà. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lè jí. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tó bí wọn, ká wo èyí tí kò lè padà wá mọ́ nínú rẹ̀, ká sì wo èyí tí ọ̀dọ́ kan lè dìde ṣe láàárọ̀ ọ̀la bó bá wù ú.

Orí owó ilé ni mo fẹ́ kí ó ṣíwájú, nítorí òun ni kò sí olórin tó kọrin nípa rẹ̀. Àwọn ilé onípákó ńláńlá ló wà ní Haight-Ashbury, èyí tí àwọn tó rí jájẹ kọ́ sí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onílé ń kó lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, àwọn ilé náà sì di èyí tí wọ́n ń pín sí yàrá yàrá. Ìjọba tún wá gbèrò láti la títì márosẹ̀ gba àdúgbò náà kọjá. Ta ni yóò ra ilé síbi tí katakata ń bọ̀? Owó ilé wálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ta kú, wọ́n bá ìjọba fà á títí ìgbìmọ̀ ìlú fi kọ títì náà ní ọdún 1966, ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ayàwòrán ti kún inú àwọn ilé wọ̀nyẹn. Ọ̀dọ́ mẹ́wàá lè dáwó jọ gba ilé kan. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ lè rí ìpín tirẹ̀ san, kí ó sì fi ìyókù ọ̀sẹ̀ kọ ewì, ta gìtá, tàbí kí ó jókòó kí ó máa ronú sí ayé rẹ̀.

Kì í ṣe ilé nìkan ló rọrùn. Láàárín 1946 sí 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 76 ọmọ ni wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì dàgbà sínú ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn ilé iṣẹ́ kò sinmi, tí iṣẹ́ kò wọ́n. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifóníà kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, àyàfi owó kékeré kan. Ọmọ tó bá fi ilé ìwé sílẹ̀ kò jẹ gbèsè kankan. Ó mọ̀ pé ìgbàkígbà tí òun bá fẹ́ padà, iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ogun Vietnam wá ni iná tó ràn mọ́ gbogbo rẹ̀. Ìjọba ń fi agbára òfin mú àwọn ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1969, wọ́n ṣẹ́ kèké níwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún sínú ike róbótó róbótó, wọ́n dà wọ́n sínú ìgò ńlá kan, wọ́n sì ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe kà á jáde báyìí, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ yẹn láàárín ọdún 1944 sí 1950 di ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò pè. Ẹ fojú inú wo ìyá tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ yẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó kú sínú ogun náà lé ní 58,000. Nígbà tí ọ̀dọ́ hípì bá sọ pé òun kò fẹ́ ayé tí àwọn bàbá òun là sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ó ń sọ, ará ilé kejì náà sì mọ ohun tó ń sọ, nítorí wọ́n lè pe ọmọ tirẹ̀ lọ́la.

Nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí èyí tó kù nílẹ̀. Fífi òfin múni wọ iṣẹ́ ológun parí ní ọdún 1973. Ẹni tó bá fẹ́ nìkan ló ń wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà báyìí. San Francisco ti di ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ilé ti wọ́n jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Gbèsè ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ yá àwọn ènìyàn lé ní tírílíọ̀nù dọ́là kan àti ẹgbẹ̀ta bílíọ̀nù. Ọ̀dọ́ tó bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, onílé ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó yá a lówó, bí àìsàn bá sì gbé e dè, ó lè má ní ìbánigbófò tí yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Nítorí náà, èmi kò bá àwọn àgbà tó ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kò ní ìgboyà bíi ti ìṣáájú gbé e. Ìgboyà ṣì wà, ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kọ́ ni àwọn hípì ní. Wọ́n ní àyè.

Kí wá ni wọ́n fi àyè náà ṣe? Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1967, ó lé ní 20,000 ènìyàn tó péjọ sínú ọgbà Golden Gate Park. Akéwì Allen Ginsberg wà níbẹ̀, Timothy Leary náà wà níbẹ̀, olùkọ́ Harvard tí wọ́n ti lé lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti pa ayé àwọn òbí wọn tì. Orin ń lọ, wọ́n ń jó lórí koríko. Ìròyìn rẹ̀ tàn. Nígbà tí ilé ìwé fi máa gba ìsinmi, àwọn ọmọ ti ń wọ́ wá láti ìpínlẹ̀ gbogbo, títí iye wọn fi tó nǹkan bí 75,000 sí 100,000 ní Haight-Ashbury, àdúgbò tí kò tóbi rárá. Ọmọ ọdún 15, ọmọ ọdún 16 wà nínú wọn. Wọn kò mú owó wá, wọn kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé ìfẹ́ wà ní San Francisco. Ṣùgbọ́n ebi ń pa olólùfẹ́, ara rẹ̀ sì lè má yá.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti wọ̀ mí lára. Ẹgbẹ́ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Diggers. Wọ́n ya orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lọ gbin ọ̀gbìn sórí ilẹ̀ àjùmọ̀ní ní ọdún 1649, tí wọ́n ní ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Diggers ti San Francisco ń se oúnjẹ lójoojúmọ́, wọ́n ń gbé e wá sí gbangba ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá dé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ á jẹ. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń lọ sọ́jà láti tọrọ ẹ̀fọ́ àti ẹran tí àwọn oníṣòwò kò lè tà mọ́. Wọ́n tún ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tí ohun gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1967, dókítà ọ̀dọ́ kan, David Smith, ṣí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ sí àdúgbò náà, níbi tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn ọmọ tí ilé ìwòsàn ńlá ń wò bí ìdọ̀tí rí ẹni fọwọ́ kàn wọ́n níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni èrò ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ti ran ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà.

Mi ò ní bo èyí tó burú mọ́lẹ̀. Oògùn olóró ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Kalifóníà fòfin de oògùn LSD ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1966, ọdún kan gééré ṣáájú ìsìnkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n òfin kò dá a dúró. Ìgbà tó yá, èyí tó le jù ú lọ wọlé, àwọn tó ń ta á sì wá pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀bẹ. Àwọn ọmọbìnrin jìyà púpọ̀ lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí ìgbà yẹn padà láìka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn, àwòrán ara ògiri ló ń fẹ́.

Ohun mìíràn tún ń dùn mí. Nítòsí Haight-Ashbury ni àdúgbò Fillmore wà, ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, ìjọba sì ń wó ilé wọn lulẹ̀ lásìkò kan náà ní orúkọ àtúnṣe ìlú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn hípì. Ọmọ tí wọn kò tíì jẹ́ kí ó wọ ilé ọlà kò lè fi ilé ọlà sílẹ̀ jáde. Ní Oakland, ní òdìkejì omi, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Black Panther gba ọ̀nà tiwọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni a fẹ́ jí dìde, ti àwọn yìí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ so òdòdó mọ́rí bíi ti àwọn hípì.

Ní ti orin, a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọwọ́ tiwa wà níbẹ̀. Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídó lẹ́bàá Badagry, ló gbé àwo ìlù rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960, àwo Drums of Passion. Ẹgbẹ́ Santana, ọmọ San Francisco, mú ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀, wọ́n sì fi sí àwo wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1969, ọdún tí àwọn fúnra wọn lu ìlù fún ogunlọ́gọ̀ ní àjọ̀dún orin Woodstock. Nígbà tó yá, Ọlátúnjí àti Mickey Hart, onílù ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead, jọ lu ìlù pọ̀. Ọlátúnjí kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó ní ìlù, Kalifóníà náà ló sì kú sí ní ọdún 2003.

Woodstock yìí ni àwọn tó ń fẹ́ jí hípì dìde máa ń kọ́kọ́ dì mú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, ó lé ní 400,000 ènìyàn tó dé oko màlúù kan ní ìpínlẹ̀ New York. Òjò rọ̀, oúnjẹ tán. Ẹgbẹ́ àjọgbé kan tó ń jẹ́ Hog Farm ló dáná fún wọn, ọkà àti ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò ńlá. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1999, àwọn oníṣòwò tún pe Woodstock jọ ní Rome, New York. Wọ́n ń ta omi inú ike ní dọ́là mẹ́rin lábẹ́ oòrùn gbígbóná, ìdọ̀tí kún gbogbo ibẹ̀, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò, ọjọ́ tó kẹ́yìn sì parí sínú iná àti ìkógun. Ní 2019, wọ́n fẹ́ ṣe ti àádọ́ta ọdún, kò tilẹ̀ wáyé rárá. Orúkọ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́. Ẹni tó ń se ọkà ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbi ariwo. Ní ìparí ọdún 1970, Stephen Gaskin, tó ń kọ́ni ní San Francisco ní gbogbo alẹ́ Mọ́ńdè, kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sínú ọ̀wọ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n yí Amẹ́ríkà ká. Ní 1971, nǹkan bí 300 nínú wọn tẹ̀dó sórí ilẹ̀ kan lẹ́bàá Summertown ní Tennessee. Ọmọ ìlú ńlá ni wọ́n, wọn kò mọ oko. Inú bọ́ọ̀sì àti inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó bá dé á kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọn kì í jẹ ẹran, wọ́n ń gbin sóyà, wọ́n ń ṣe wàrà rẹ̀. Wọ́n sì ń bímọ.

Ìyàwó Gaskin, Ina May, kò kàwé nọ́ọ̀sì. Inú bọ́ọ̀sì, lójú ọ̀nà, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀dó, dókítà kan nítòsí kọ́ ọ àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kọ gbogbo ìbí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ẹgbẹ̀rún méjì ìbí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Guatemala ní ọdún 1976, àwọn ará abúlé yìí lọ bá wọn kọ́ ilé, láti ọwọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà ni ọgbọ́n kan sì ti dé ọ̀dọ̀ Ina May, pé bí èjìká ọmọ bá há, kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà kúnlẹ̀ kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Ọgbọ́n náà ti wọ ìwé àwọn dókítà báyìí, orúkọ Gaskin ni wọ́n fi ń pè é. Ó yẹ kí orúkọ àwọn agbẹ̀bí Guatemala náà wà níbẹ̀.

Iye wọn lé ní 1,200 nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ níta mú owó wá, àwọn kan ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, inú àpò kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ. Ní 1983, wọ́n fi àpò kan ṣoṣo náà sílẹ̀: kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan máa wá owó tirẹ̀, kí ó sì máa san owó àjọṣe. Ọ̀pọ̀ bínú, èyí tó pọ̀ jù kó ẹrù wọn. Ilẹ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn, nǹkan bí 200 ènìyàn ló sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní, àwọn agbẹ̀bí wọn kò sì ṣíwọ́.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó tọ́, Twin Oaks ni máa sọ, ní Virginia. Ọdún 1967 náà ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní oṣù kẹfà, ìgbà tí àwọn ọmọ ń wọ́ lọ sí San Francisco. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n. Kò sí kámẹ́rà tó tẹ̀lé wọn. Ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, èyí tí àwọn hípì tó kù ń sá fún: ta ni yóò fọ ìkòkò? Ní ọ̀pọ̀ ilé àjọgbé ìgbà yẹn, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ òmìnira ní pálọ̀, àwọn obìnrin ń dáná, ń wẹ ọmọ, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí iṣẹ́. Ní Twin Oaks, wákàtí kan nídìí ìkòkò dọ́gba pẹ̀lú wákàtí kan nídìí òwò. Títọ́jú ọmọ wà nínú ìṣirò, gbígbá ilẹ̀ wà nínú ìṣirò. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí wákàtí 42 lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n hun ibùsùn olókùn tí wọ́n ń so sáàárín igi méjì, wọ́n ṣe wàrà sóyà fún títà, owó náà sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Iye wọn pọ̀ sí i títí ó fi tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn gbé á kọ́kọ́ ṣe àlejò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á ṣiṣẹ́ bí onílé ti ń ṣe, á dáná, á fọ abọ́, lẹ́yìn náà á lọ kí wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé kì í pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á lo ọdún mélòó kan, wọ́n á sì máa lọ. Èmi kò rí àbùkù nínú ìyẹn. Ìlú tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń ṣí síta bí ó ti ń ṣí sínú ni ọ̀dọ́ tó ní gbèsè lọ́rùn lè gbìyànjú rẹ̀ wò.

Kò sì pọn dandan kí gbogbo ènìyàn lọ sóko. Ní ọdún 2011, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gba ọgbà Zuccotti ní New York láti fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn olówó Wall Street, wọ́n ní ibi ìdáná, wọ́n ní ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ọlọ́pàá fi lé wọn. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ohun tí kò ní ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní New York, ní Los Angeles àti ní àwọn ìlú mìíràn ń gbé fíríìjì sí etí títì, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà oríṣiríṣi, wọ́n ń tẹ iná sí i láti ṣọ́ọ̀bù tó bá gbà wọ́n láyè. Ẹni tó ní oúnjẹ á fi sínú rẹ̀, ẹni tí ebi ń pa á mú, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Wọn kò pe ara wọn ní hípì, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti máa nu fíríìjì náà, kí ó kó èyí tó ti bàjẹ́ dànù, kí ó mọ ọjọ́ tó kàn án. Níbi tí wọ́n ti pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, fíríìjì náà ń tutù. Níbi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, ó rẹ ẹni náà, wọ́n sì gbé e kúrò.